Wọ́n Ní Blockchain Kì Í Parẹ́: Owó Màmá Ẹlẹ́ja Wá Dà?

Màmá kan wà tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọjá lọ, ó ké sí mi wọ ìsọ̀ rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà, bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní blockchain ni. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ti wọ ibẹ̀, kì í parẹ́ láéláé. Owó mi wá dà?"

Mo wò ó. Nọ́ńbà ńlá kan wà lójú fóònù náà, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń lé sí i lójoojúmọ́. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gba owó jáde nìkan ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó mú un wọ̀ ọ́ kò gbé ìpè mọ́. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti máa ń kí ara wọn kú oríire láràárọ̀ ti dákẹ́ lọ gbári. Owó náà kì í sì í ṣe owó tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ lásán. Èésú tó kó ni, fìríìsà ló fẹ́ fi rà.

Ìbéèrè màmá yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, torí ó jinlẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Òótọ́ ni pé ohun tí wọ́n bá kọ sórí blockchain ṣòro láti pa rẹ́. Òótọ́ sì ni pé owó rẹ̀ ti lọ. Òótọ́ méjèèjì kò ta ko ara wọn rárá, ẹni tí ìdí rẹ̀ bá sì yé ti mọ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ blockchain. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn láàárín àwọn oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe é dáadáa níbí.

Ìwé alájọ àti ìwé èésú

Mo bẹ̀rẹ̀ látinú ohun tí màmá mọ̀ jù mí lọ. Alájọ tó ń gba Arákalẹ̀ kọjá láràárọ̀ máa ń fún oníbàárà rẹ̀ ní káàdì, á sì sàmì sí i lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gbowó. Àmọ́ ìwé ńlá tí gbogbo ìṣirò náà wà, ọwọ́ alájọ ló wà. Bó bá jẹ́ olóòótọ́, ẹ ó gba owó yín níparí oṣù, á sì yọ ti ọjọ́ kan sápò gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá sá lọ, káàdì ọwọ́ yín di bébà lásán. Báǹkì náà kò yàtọ̀ sí i tó bá di ọ̀rọ̀ ẹni tó di ìwé mú. Nígbà tí alẹ́ẹ̀tì bá wọlé, kò sẹ́ni tó gbé owó bébà láti ibì kan lọ síbòmíì. Báǹkì kàn dín nọ́ńbà kan kù nínú ìwé rẹ̀ ni, ó fi kún òmíràn. Ohun tó ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé òfin ń ṣọ́ báǹkì. Àjọ NDIC ló ń dúró fún owó àwọn oníbàárà, láti ọdún 2024 sì ni iye tó pọ̀ jù tó lè san fún ẹnì kan, bí báǹkì ìṣòwò bá kógbá sílé, ti di mílíọ̀nù 5 náírà.

Èésú lè gba ọ̀nà mìíràn. Ká ní obìnrin mẹ́wàá jọ ń dá a, wọn ò sì yan akọ̀wé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìwé tirẹ̀. Bí Ìyá Ìbejì bá dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, wọ́n á kéde rẹ̀ sókè, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá lọ fi òdo kan kún iye tòun lóru, ìwé mẹ́sàn-án tó kù á jẹ́rìí lòdì sí i lọ́jọ́ kejì. Bí iná bá jó ìsọ̀ ẹnì kan tòun tìwé, á dà á kọ látinú ti ẹlòmíì. Kò sí akọ̀wé tí wọ́n lè fún ní rìbá, kò sì sí àpótí kan tí olè lè gbé.

Blockchain nìyẹn ní ìpìlẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ni, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi wé ti ara wọn ní gbogbo ìgbà. Ti Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbajúmọ̀ jù, nìkan ti ju gígábáìtì 600 lọ báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó gbà á sì lè tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú yàrá tirẹ̀, kódà níbí. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ọmọ FUTA ń pe nǹkan ní decentralized, ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó di ìwé mú.

Àmọ́ obìnrin mẹ́wàá yẹn mọ ara wọn. Wọ́n mọ ilé ara wọn, wọ́n mọ ọkọ ara wọn, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa lọ fẹjọ́ sùn. Ibi tó ti le ni kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ ara wọn rí, tí olè sì wà láàárín wọn, jọ máa kọ ìwé kan náà láìjà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni kò tíì gbọ́ ní Àkúrẹ́ nípa ilẹ̀ kan tí wọ́n tà fún ẹni méjì? Ẹni àkọ́kọ́ sanwó, ó gba rìsíìtì. Ẹni kejì sanwó, òun náà gba rìsíìtì. Wọ́n wá pàdé lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Owó orí kọ̀ǹpútà tún ní àrùn yìí ju ilẹ̀ lọ. Bí mo bá fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, á dé ọ̀dọ̀ yín, á sì tún wà lọ́dọ̀ mi. Ìyẹn kò ba fọ́tò jẹ́, àmọ́ owó tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò níye lórí mọ́, torí mo lè fi ẹyọ kan náà sanwó fún yín kí n sì tún fi sanwó fún aládùúgbò yín.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2008 ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé olójú-ewé mẹ́sàn-án kan jáde, tó ṣàlàyé bí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lè wà láìsí báǹkì láàárín, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè ná an lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2009 ni ojú ìwé àkọ́kọ́ Bitcoin jáde. Satoshi kọ àkọlé ìwé ìròyìn The Times ti ìlú London ọjọ́ náà sínú rẹ̀, èyí tó sọ pé ìjọba fẹ́ tún yọ àwọn báǹkì nínú wàhálà. Orúkọ tí ẹni náà fi bò ara rẹ̀ ṣì bò ó títí dòní.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú irú ìwé bẹ́ẹ̀ o. Stuart Haber àti W. Scott Stornetta ti gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní 1991 láti so àkọsílẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè yí ọjọ́ tó wà lórí ìwé padà. Láti 1995, wọ́n ń tẹ àmì àwọn àkọsílẹ̀ náà sí àárín àwọn ìpolówó kéékèèké inú New York Times lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ràn apá ìtàn yìí gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ yí àkọsílẹ̀ kan padà ní láti wá gbogbo ẹ̀dà ìwé ìròyìn tí wọ́n ti tà kiri Amẹ́ríkà kàn, kó sì tún wọn tẹ̀. Ẹ̀dà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ara wọn: ọgbọ́n náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìròyìn lásán sì tó o ṣe.

Búlọ́ọ̀kù àti ṣéènì

Orúkọ náà kò le tó bó ṣe ń dún létí. Búlọ́ọ̀kù ni, ṣéènì sì ni. Dípò kí wọ́n máa kọ ìsanwó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á kó ọ̀pọ̀ jọ sójú ìwé kan, ojú ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Ti Bitcoin máa ń jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ohun tó so ojú ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni ṣéènì.

Ìṣirò kan wà tó ń jẹ́ SHA-256. Ohun yòówù kí ẹ fi sínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí odindi Bíbélì, àmì 64 ló máa gbé jáde, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Mo máa ń pè é ní ìtẹ̀ka. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà hello sí i, ìtẹ̀ka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ báyìí: 2cf24dba. Ẹ wá sọ h yẹn di lẹ́tà ńlá, kó di Hello, á di 185f8db3. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà, síbẹ̀ kò sí ibi tí méjèèjì fi jọra mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè dán an wò fúnra rẹ̀. Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè gba ẹ̀yìn ìtẹ̀ka mọ ọ̀rọ̀ tó bí i, bí ẹnikẹ́ni kò ṣe lè wo ìtẹ̀ka lórí ìwé kó ya ojú ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan máa ń gbé ìtẹ̀ka èyí tó ṣáájú rẹ̀ sórí. Ká ní a ti kọ ìwé náà dé ojú ewé 500, olè kan wá padà sí ojú ewé 300, ó sọ 2 di 20. Ìtẹ̀ka ojú ewé 300 yí padà lójú ẹsẹ̀, kò sì bá èyí tó wà lórí ojú ewé 301 mu mọ́. Olè ní láti tún 301 kọ. Bó bá tún un kọ, 302 bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe títí dé 500, àwọn tó kù kò sì dúró dè é, wọ́n ti ń kọ 501. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ yọ búlọ́ọ̀kù kan nísàlẹ̀ ògiri ilé alájà mẹ́ta kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nígbà tí bíríkìlà ṣì ń mọ ọ́n lọ lókè.

Ta ló ń kọ ojú ìwé tó kàn?

Láàárín àwọn àjèjì, ìdìbò kò lè yanjú èyí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan lè sọ ara rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún èèyàn láàárín wákàtí kan. Bitcoin wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé ṣiṣẹ́ tó ń náni lówó kó tó lè kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà á máa wá nọ́ńbà kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi kún ojú ìwé, ìtẹ̀ka rẹ̀ á fi òdo tó pọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè fi tètè rí i. Wọ́n á máa méfò ni, bí ẹni tó kó ẹrù kọ́kọ́rọ́ síwájú tó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lára àgádágodo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa kọ ojú ìwé náà, àwọn tó kù á yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú àáyá, òun á sì gba ẹ̀bùn. Bitcoin 50 ni ẹ̀bùn náà ní 2009. Ó máa ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, láti oṣù Kẹrin 2024 sì ni ó ti di 3.125. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ náà ní wíwa kùsà, ìdí nìyẹn náà tí gbogbo Bitcoin tó máa wà láyé kò fi ní ju mílíọ̀nù 21 lọ.

Iná tí iṣẹ́ náà ń jẹ pọ̀ gan-an. Ó ju èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò lọ́dún lọ. Èmi tí mò ń gbé ìlú tí èèyàn ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ta omi tútù kò lè kà á bẹ́ẹ̀ kí ó má dùn mí. Ọ̀nà mìíràn wà, dógò ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ethereum, blockchain mìíràn tí Vitalik Buterin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé dìde ní 2015, yí sí ọ̀nà yìí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2022. Ẹni tó bá fẹ́ wà lára àwọn akọ̀wé á fi ether 32, ìyẹn owó orí Ethereum, dógò. Bó bá kọ̀wé èrú, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé lára dógò rẹ̀. Iná tí Ethereum ń jẹ fi ohun tó ju ìdá 99 nínú 100 lọ sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé nínú ọ̀nà méjèèjì, pípọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé ló ń dáàbò bo ìwé. Bí wọn ò bá pọ̀, ààbò náà kò sí. Ní oṣù Kẹjọ 2020, àwọn kan rí agbára kọ̀ǹpútà tó ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ lórí blockchain kan tó ń jẹ́ Ethereum Classic, wọ́n tún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé kọ, wọ́n sì ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èésú ẹni mẹ́ta ni, tí méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orí blockchain ni nǹkan tòun wà, ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló di ìwé náà mú, ta sì ni wọ́n. Báǹkì àpapọ̀ wa gbé eNaira jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 2021, irú ẹ̀rọ blockchain kan ni wọ́n fi kọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ báǹkì àpapọ̀ ló ni ìwé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Alájọ ni, alájọ tí òfin mọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ta?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí ibí ni owó màmá gbà lọ.

Blockchain kò mọ orúkọ yín, kò mọ ojú yín, kò sì mọ BVN. Ohun méjì ló mọ̀. Àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì, tí ẹ lè fún ẹnikẹ́ni kó fi fi owó ránṣẹ́ sí yín, bí ìgbà tí ẹ bá fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí, tí a fi ń fọwọ́ sí i pé kí owó kúrò ní àdírẹ́sì náà. Wọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn áàpù tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà, tó bá jẹ́ tiyín gan-an máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán 12 tàbí 24, á ní kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà ló lowó. Bí wọ́n bá sọ nù, owó náà á wà lójú ìwé títí ayé, kò sì sẹ́ni tó máa lè fọwọ́ kàn án mọ́. Kò sí ọ́fíìsì tí ẹ máa lọ, kò sí ẹni tí ẹ máa pè. Mo mọ̀ pé ìyẹn ń dẹ́rù bani, ó sì yẹ kó dẹ́rù bani.

Nítorí ẹ̀rù yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fi owó wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ló ní kọ́kọ́rọ́, á wá kọ orúkọ yín àti iye yín sínú ìwé abẹ́lé tirẹ̀. A ti padà sọ́dọ̀ alájọ nìyẹn. Mt. Gox nílùú Tokyo ló tóbi jù nínú wọn nígbà kan rí. Nígbà tó dẹnu kọlẹ̀ ní oṣù Kejì 2014, nǹkan bí Bitcoin 850,000 ni wọ́n kéde pé ó ti dàwátì. FTX ṣubú ní oṣù Kọkànlá 2022, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 25 fún ẹni tó dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú ìwé Bitcoin. Ìwé abẹ́lé ló parọ́.

Mo bi màmá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n fún yín ní ọ̀rọ̀ méjìlá kan pé kí ẹ kọ sílẹ̀?"

Ó ní rárá. Nọ́ńbà fóònù àti páásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun.

Nọ́ńbà aláwọ̀ ewé tó ń lé sí i lójoojúmọ́ yẹn kò sí lórí blockchain kankan láyé. Ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì lè kọ iye tó bá wù ú, torí kò ní in lọ́kàn láti san án. Owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti àwọn tó ti wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ní 2016 nígbà MMM, kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu ba blockchain létí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọ̀rọ̀ tuntun ni wọ́n fi wọ ẹ̀wù fún un.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú màmá ń ṣú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló ní kí n máa bá a lọ.

Ìwé kì í mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń pariwo blockchain kì í fẹ́ sọ, ó sì kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbọ̀ngbọ̀n. Àwa la síwájú nínú kòkó ní Nàìjíríà. Òfin kan tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe, tó jáde ní oṣù Kẹfà 2023, sọ pé wọn kò ní gba kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, ẹni tó bá sì kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ fi oko tó ti wá hàn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa fi òfin náà múlẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ wọn kò pa á tì. Ìdí nìyẹn tí èrò fi ń wá pé kí wọ́n máa kọ ìrìn àpò kòkó kọ̀ọ̀kan sórí blockchain, láti Ìdànrè dé èbúté Èkó.

Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n níbẹ̀rẹ̀ ṣéènì yẹn, èèyàn kan ló dúró ti ìwọ̀n pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Bí àpò bá wọn kílò 64 tó sì kọ 60, blockchain á tọ́jú 60 yẹn fún ìran tó ń bọ̀. Bó bá mú kòkó tó ti inú igbó ọba wá, tó kọ ọ́ sórúkọ oko bàbá àgbàlagbà kan létí abúlé, irọ́ náà á wà níbẹ̀, kò ní ṣe é parẹ́. Àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìwọ̀n rẹ́ jẹ látọjọ́ tó ti pẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ kọ́kọ́ tún ìwọ̀n ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀. Orílẹ̀-èdè Georgia bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkọsílẹ̀ ilẹ̀ sórí blockchain ní nǹkan bí 2016, ìwé ilẹ̀ wọn sì ti wà létòlétò kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Níbi tí ẹbí méjì ti ń jà lórí ta ló ni ilẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè dá ẹjọ́ náà fún wọn. Ó lè sọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ tà á fún, kò lè sọ bóyá ẹni tó tà á ló ni ín.

Àwọn kan á tún sọ fún yín nípa àdéhùn tó ń mú ara rẹ̀ ṣẹ, tí wọ́n ń pè ní smart contract. Kóòdù ni, orí Ethereum ló ti gbajúmọ̀. Èèyàn lè fi kọ èésú: kí gbogbo wa dá owó sí i, bí oṣù bá parí kó san án fún ẹni tó kàn, láìsí ẹni tó lè gbé e sá. Mo rí ẹwà nínú rẹ̀. Àmọ́ mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú èésú ìyá mi nígbà tí wọ́n gbé ọmọ ọ̀kan nínú wọn lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó kàn fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì kó owó fún un. Kóòdù kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ àyàfi tí ẹnì kan bá ti ro ìṣòro yẹn ṣáájú tó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀. Bí àṣìṣe bá sì wà nínú kóòdù, òun náà á mú ara rẹ̀ ṣẹ. Ní oṣù Kẹfà 2016, ẹnì kan gba inú àlàfo kan nínú kóòdù àjọ owó kan tó ń jẹ́ The DAO, ó fa nǹkan bí ether mílíọ̀nù 3.6 jáde. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di ìwé Ethereum mú fohùn ṣọ̀kan láti dá owó náà padà. Àwọn tó kọ̀ ń bá ìwé àtijọ́ lọ, òun ló di Ethereum Classic tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n ní kì í parẹ́ yẹn, nígbà tí àwọn èèyàn tó pọ̀ tó pinnu, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn yí i ká.

Ní ti òfin ilẹ̀ wa, ọ̀nà ti yí lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2021 ni báǹkì àpapọ̀ ní kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò owó orí blockchain. Àwọn ọ̀dọ́ kò dáwọ́ dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́wọ́ ara wọn, tí à ń pè ní P2P. Ní oṣù Kejìlá 2023, báǹkì àpapọ̀ tú òfin náà ká. Ní oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun tó fi irú dúkìá yìí sábẹ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìdókòwò, tó sì sọ gbájú-ẹ̀ bíi MMM di ẹ̀ṣẹ̀ tó lẹ́wọ̀n nínú. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú òpó ìdókòwò kan tó ń jẹ́ CBEX dá ọwọ́ owó sísan dúró, tí àwọn tó fowó sí i fi ya wọ ọ́fíìsì kan nílùú Ìbàdàn. SEC ní àwọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, èrè orí àwọn dúkìá yìí ti wọ abẹ́ òfin owó-orí tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ kan ní ìwé àṣẹ lè béèrè lọ́wọ́ SEC kó tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀.

Kí n tó kúrò ní ìsọ̀ màmá, ó rántí pé ọmọkùnrin tó gba náírà lọ́wọ́ òun fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo wò ó. USDT ló fi owó náà rà, èyí tí wọ́n so mọ́ dọ́là, ó sì fi ránṣẹ́ lórí blockchain tó ń jẹ́ Tron. Nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ náà hàn ketekete. Mo tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó tí gbogbo ayé ti lè wo ìwé Tron. Ó gbé e jáde: ọjọ́, wákàtí, iye, àdírẹ́sì tó ti kúrò, àdírẹ́sì tó dé. A tẹ̀ lé e síwájú. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì tì í lọ sí àdírẹ́sì mìíràn.

Màmá tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. "Òótọ́ ni wọ́n sọ," ló wí. "Kò parẹ́."

Mo sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ tó ni USDT lè dì í pa sójú kan bí àwọn agbófinró bá kọ̀wé sí wọn, àti pé bí àwọn olè náà bá gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ tó ń gba orúkọ, orúkọ lè jáde. Mi ò ṣèlérí kankan fún un. Mo ní kó mú nọ́ńbà ìfiránṣẹ́ yẹn dání lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan. Ó fa ìwé èésú rẹ̀ yọ lábẹ́ àwo ẹja, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ń pè é, ó ń kọ ọ́, àmì 64, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Nígbà tó dé ìparí, ó ní ká tún un kà látìbẹ̀rẹ̀, kí lẹ́tà kan má bàa yàtọ̀.